Lámilámi Tí Kò Gbọdọ̀ Fi Ọwọ́ Òsì Yí

Bí Olóyè Adébóyè Oyèbísí bá sín ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ilá, gbogbo òṣìṣẹ́ a dìde dúró. Kì í ṣe àṣà baba ẹnikẹ́ni. Jóṣúà Ọláṣùpọ̀, akọ̀wé rẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀gá sín, tí òun nìkan fò dìde, tí ó sì sọ pé, "Ẹ̀mí yín á gùn, sà. Irú èyí kì í ṣe sísín lásán." Ní ọjọ́ kejì, ẹni mẹ́ta ló dìde. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, ìyá tó ń gbálẹ̀ pàápàá ti ń ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá ti rí i pé imú ọ̀gá ń yún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. A kò tíì dé ibi tí ẹ̀rín wà.

Olóyè yìí ni Alábòójútó Àgbà fún Ọ̀ràn Kòkó ní Ilá, Ọ̀rà àti gbogbo abúlé tó wà láàárín wọn. Ọdún 1996 ni mo ń sọ yìí, nígbà tí yíyan ènìyàn sípò kò gbà ju kí ó mọ ẹni tó mọ ẹnìkan ní Òṣogbo. Kí wọ́n tó yàn án, òun ló máa ń fi irin gún àpò kòkó wò lẹ́bàá ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ó gbẹ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni nígbà náà, ó máa ń bá àwọn àgbẹ̀ jẹ iṣu sísun. Àga ni kò bá a lára mu. Láti ìgbà tó ti jókòó lórí èyí tó ń yí, kò sí ohun tí etí rẹ̀ tún fẹ́ gbọ́ mọ́ bí kò ṣe orúkọ ara rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó gbé karí, kò sí èyí tó tó ọ̀ràn ọwọ́ òsì. Òótọ́ ni pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà? Ṣùgbọ́n ti Olóyè kọjá ẹ̀kọ́ ilé. Ó kọ ìwé àṣẹ, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, pé fáìlì kankan kò gbọdọ̀ gba apá òsì dé orí tábìlì òun. Ó tún kọ òmíràn pé awakọ̀ òun kò gbọdọ̀ yà sí òsì lẹ́nu géètì. Ọ̀nà Ọ̀rà sì rèé, apá òsì gan-an ló wà. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ń lọ sí Ọ̀rà, mọ́tò rẹ̀ a kọ́kọ́ yà sí ọ̀tún, a yí gbogbo àdúgbò po, a sì tún gba iwájú ilé iṣẹ́ kan náà kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ a tún dìde lẹ́ẹ̀kejì láti kí i pé ó dàbọ̀.

Òjò ọdún náà kò ní ìsinmi. Láti oṣù karùn-ún ló ti ń rọ̀, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi sì wọ oko. Ẹni tó bá ní kòkó mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí àmì kékeré kan lára èso, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Tí yóò bá fi di Ọjọ́ Ìsinmi, odindi èso ti dúdú, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò wúlò fún ènìyàn tàbí ọ̀kẹ́rẹ́. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Oògùn aláwọ̀ aró ni, tí à ń po mọ́ omi àti ẹfun, tí à ń rọ sínú póńpù tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí à ń fín sára igi.

Oògùn náà wà. Ogún àgbá ni ìjọba kó wá, ó wà nínú ilé ìkẹ́rù lẹ́yìn ọ́fíìsì Olóyè, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò agbádá Olóyè. Póńpù náà wà. Ọgọ́ta ni, ti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ni, Olóyè ló ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, ó sì tì wọ́n mọ́ ibi tí oògùn wà. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí? Ìdí rẹ̀ ni Lámilámi.

Ọmọ Ilá kan tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sílé: hẹlikópítà kékeré tí kò ga ju ewúrẹ́ lọ, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, tí ẹni tó dúró nílẹ̀ ń fi àpótí kékeré kan tó ní eríàlì darí. Agolo oògùn wà ní ikùn rẹ̀ láti máa fín oko. Ìrù rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ tín-ín-rín, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Lámilámi. Àbùkù kan ló ní: abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀, tó yẹ kó máa yí kó sì gbé e fò, ti kán sí méjì nínú ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tí Olóyè rí i, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "láti ìgbà tí Elédùmarè ti dá kòkó, ojú ọ̀run nìkan ló ń rọ̀jò lé e lórí. Láti ọdún yìí lọ, ojú ọ̀run ti ní ìgbákejì."

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Jóṣúà wí.

"Mi ò fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́." Ó nàka sí bírò Jóṣúà. "Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ ayẹyẹ Lámilámi nìyẹn: Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù keje. Àlejò yóò ti Òṣogbo wá, àwọn ọmọ Ilá yóò ti Èkó àti Ìbàdàn wálé. Títí di ọjọ́ náà, oògùn kankan kò gbọdọ̀ kan ewé kòkó kan àyàfi láti òkè.

Ràsákì Ògúntúndé gbọ́, ó sì wá sí ọ́fíìsì. Olórí àwọn àgbẹ̀ kòkó Ọ̀rà ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kẹ̀kẹ́ ló sì gùn wá. Olóyè, tí kò tíì pé àádọ́ta, jókòó kí i.

"Olóyè, ẹ kú iṣẹ́," ni Ràsákì wí. "Kòkó ń kú o. Bí a kò bá fín in kí oṣù yìí tó parí, èèpo dúdú ni a máa ká. Ẹ fún wa ní póńpù wa àti oògùn."

"Póńpù. Ní ọdún 1996." Olóyè mi orí bí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ òkú. "Bàbá, ẹ̀yin fẹ́ gbé nǹkan pọ̀n bí ọmọ, nígbà tí èmi fẹ́ kí ẹ gbé ojú sókè."

"Ojú kọ́ ni à ń gbé sókè sí kòkó tó ń rà. Kòkó yẹn ni mo fi ń jẹun. Òun ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá ilé mi. Mi ò ní òmíràn tí mo gbójú lé."

"Ẹ ní sùúrù. Bí póńpù bá ti fín oko tán, kí ni Lámilámi yóò wá fín níwájú àwọn àlejò?"

Ẹ gbọ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò sì mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. Nínú ìwé tí Jóṣúà fi ń kọ orúkọ àwọn àlejò, ohun tó kọ síwájú orúkọ Ràsákì ni pé ó wá dúpẹ́.

Ẹni tí wọ́n wá gbé ọ̀ràn abẹ̀bẹ̀ lé lọ́wọ́ ni Rẹ̀mílẹ́kún Tẹ́júọlá, olùkọ́bìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ìṣirò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè pè é títí kó má gbọ́. Ó fi igi arère gbẹ́ ewé abẹ̀bẹ̀ méjì tuntun, nítorí arère fúyẹ́, ó fi sáńpépà dán wọn. Kàkà kó gbé wọn sórí ẹ̀rọ, ó jókòó ti ìwé. Ó ní kò bójú mu kí ènìyàn kọ́kọ́ gbé nǹkan sókè kó tó máa rò ó bóyá yóò gòkè. Ó fi rúlà pín ewé kan sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti ìdí títí dé ṣóńṣó.

Ràsákì ti wá ń wo ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá oògùn dúró. Ó bi í pé kí ló ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí iṣu yẹn.

"Bàbá, bí ènìyàn mẹ́wàá bá di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí ìlà, tí wọ́n wá ń yí po, ẹni tó wà ní àárín kò ní ju kó máa tẹlẹ̀ lójú kan. Ẹni tó wà ní ìparí ìlà, eré ni yóò máa sá. Bí ewé abẹ̀bẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ibi tó ń sáré ló ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ tó tì sísàlẹ̀ náà ló sì ń gbé e sókè. Mo ń wá ohun tí ìpín kọ̀ọ̀kan lè gbé, kí n tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀."

"Ìpín ti àárín ńkọ́?"

"Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé nǹkan kan, bàbá. Ó kàn wà níbẹ̀ ni."

"Bí ọ́fíìsì," ni Ràsákì wí.

Rẹ̀mílẹ́kún ṣe ìṣirò fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó kọ iye kan sórí ìwé, ó ká a, ó ní kí Ràsákì fi í sínú fìlà rẹ̀ kí ó má sì tú u. Ó wá yá òṣùwọ̀n kòkó. Kò sí àgbẹ̀ tó fẹ́ràn òṣùwọ̀n yẹn, torí lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, ohun tó bá wù ú ló máa ń sọ. Rẹ̀mílẹ́kún kọ́kọ́ fi ohun tó mọ ìwúwo rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi dá a lójú. Ó gbé tábìlì tó ga lé e, kí afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ má baà máa tẹ òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, ó de ẹ̀rọ mọ́ orí tábìlì pẹ̀lú àpò iyanrìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta kílò. Dàda, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ ata ṣe nínú ọjà, fa okùn íńjìnnì. Abẹ̀bẹ̀ yí, eruku fò, ọwọ́ òṣùwọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn títí ó fi dúró sórí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀.

"Ó ti gbé kílò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Bàbá, ẹ tú ìwé."

Ohun tó wà nínú ìwé ni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ràsákì wo ìwé, ó wo òṣùwọ̀n, ó wo obìnrin náà. Láti àádọ́ta ọdún tó ti ń gbé kòkó lọ sórí òṣùwọ̀n, kò tíì rí ẹni tó mọ ohun tí òṣùwọ̀n máa sọ láìjẹ́ pé onítọ̀hún fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má yọ̀ jù," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí fún un. "Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wúwo tó kílò mọ́kànlélógún. Ohun tó kù fún oògùn jẹ́ kílò márùn-ún, bóyá díẹ̀ lé. Póńpù kan gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ó máa fò, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ ọgọ́ta póńpù."

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà fún Olóyè. Jóṣúà ló ń ka lẹ́tà fún ọ̀gá, ó sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ka "ó máa fò," ó pa ìwé dé.

Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ayẹyẹ, Olóyè wá wò ó. Wọ́n fi okùn so Lámilámi mọ́ òpó mẹ́rin, Dàda fa íńjìnnì, ẹ̀rọ náà sì dìde kúrò nílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ga tó àyà ènìyàn, ó dúró síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Dàda ń rẹ́rìn-ín. Inú Rẹ̀mílẹ́kún dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi hàn. Ẹnìkan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ fà ro.

"Ẹ pa á," ni Olóyè wí. Ìgbà tó dákẹ́, ó bèèrè pé, "Apá ibo ni abẹ̀bẹ̀ yìí ń yí sí?"

Dàda fi ìka yí i hàn án.

"Òsì ni mo rí. Ẹ ti ra ọ̀ràn. Ẹ fẹ́ kí n pe àwọn ènìyàn ńlá láti Òṣogbo, kí n wá máa fi ọwọ́ òsì jùwọ́ sí wọn lókè orí?"

"Ẹ má bínú, sà," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ẹni tó bá dúró lókè rẹ̀ ni yóò rí i pé ó ń yí sí òsì. Bí ó bá ti fò, tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀tún ni ẹ máa rí."

"Ta ni yóò wà lábẹ́? Èmi kì í wà lábẹ́ ohunkóhun."

Jóṣúà yí sí Dàda, ó bi í bóyá wọ́n lè yí i padà. Dàda, kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n bi í ní ohun tó mọ̀, ó sì dáhùn.

"Bẹ́líìtì ló ń yí abẹ̀bẹ̀. Bí a bá lọ́ bẹ́líìtì náà ní àárín kí ó gba orí ara rẹ̀ kọjá, á máa yí sí òdìkejì. Ojoojúmọ́ la ń ṣe é fún ẹ̀rọ ata."

"Ata kò bìkítà ibi tí a bá yí i sí, bùrọ̀dá," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Afẹ́fẹ́ bìkítà. Ewé yìí tẹ̀ sí apá kan, bí ọwọ́ ẹni tó ń bu omi. Bí a bá yí i sí ọ̀tún, àfi kí a gbẹ́ òmíràn tó tẹ̀ sí ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò gbà mí."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni o ní," ni Olóyè wí.

Rẹ̀mílẹ́kún gé oparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, ó fi igi ìgbálẹ̀ kan gún un ní àárín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i sí òsì, oparun náà sì fò, ó lọ bà sórí òrùlé. Wọ́n fi ọ̀pá gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó tún yí i, sí ọ̀tún lọ́tẹ̀ yìí, ó sì já lulẹ̀ gbì síwájú bàtà Olóyè.

"Ẹ ti rí i, sà," ó ní.

"Mo rí i." Ojú Olóyè ti là. "Ó kí mi."

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mo máa ń dúró síbí láti mí díẹ̀. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó kàwé, tó ṣe ìṣirò, tó gbẹ́ igi, tó wọn ọ́n, tó tún fi oparun ṣàlàyé bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, kí àbọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ pé oparun kí ọ̀gá. Inú bí mi fún un.

Inú bí òun náà, ó sì lọ sílé, ó padà ṣe ìṣirò, ó fi rúlà àti ìpín mẹ́wàá rẹ̀ wá ohun tí abẹ̀bẹ̀ náà yóò ṣe bí wọ́n bá yí i sódì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú lẹ́tà wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró ti Jóṣúà títí ó fi kà á tán. Lẹ́tà náà sọ pé ẹ̀rọ kò ní gòkè, pé yóò fi kílò mọ́kànlá tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní oògùn tó bá ń fín kò ní lọ sísàlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ni yóò fà á sókè tí yóò sì fọ́n ọn ká. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó nítòsí. Ó ní, bí wọn kò bá tiẹ̀ gba ìyókù gbọ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún àwọn àgbẹ̀ ní póńpù wọn lónìí.

"Kílò mọ́kànlá sísàlẹ̀," ni Olóyè wí, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Jóṣúà, bí ẹnìkan bá lọ sísàlẹ̀ níwájú àgbà, kí là ń pè é?"

"Ìdọ̀bálẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o rí i. Kí ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí ó tó fò. Ẹ̀rọ tó mọ ẹ̀yẹ ni mo fẹ́." Ó wá kọjú sí Rẹ̀mílẹ́kún. "Ìwọ, iṣẹ́ rẹ ti parí. Ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí."

Ó sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ayẹyẹ, kí àwọn àlejò lè mọ ọgbọ́n tó wà lórí òun. Ojú ewé kẹrin ló wà: "Èmi, Olóyè Adébóyè Oyèbísí, ni mo fi ojú ara mi rí àléébù ẹ̀rọ yìí, tí mo sì pàṣẹ, láìka àtakò àwọn onímọ̀ sí, pé kí ó máa yí sí ọ̀tún." Òǹtẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀. Dàda lọ́ bẹ́líìtì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bẹ Rẹ̀mílẹ́kún pé kó má bínú. Rẹ̀mílẹ́kún ká ẹ̀dà kejì lẹ́tà rẹ̀, ó fún Ràsákì, ìyẹn sì fi í sínú fìlà.

Sátidé dé. Wọ́n ta àtíbàbà sí pápá, wọ́n gbé àga Olóyè sí iwájú gbogbo àga, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ẹ̀rọ. Ó wọ agbádá funfun tí wọ́n rán ní Èkó. Àwọn àgbẹ̀ Ọ̀rà wà lẹ́yìn nínú oòrùn, Rẹ̀mílẹ́kún wà láàárín wọn. Ẹni tí Òṣogbo rán wá ni obìnrin àgbà kan, Ìyáàfin Wúràọlá, tó wọ aṣọ ṣákálá tó sì gbé báàgì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Jóṣúà kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni àlejò, ó ti fẹ́ rán an ní omi.

Olóyè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogójì. Ó sọ ìtàn ìbí ara rẹ̀. Ó sọ pé àwọn kan ń bẹ̀rù òkè, pé àwọn kan ń bẹ̀rù ilẹ̀, pé òun kò bẹ̀rù àárín méjèèjì. Ó fi kòkó wé ìyàwó, ó fi ara rẹ̀ wé òjò, ó wá fi òjò wé ara rẹ̀. Jóṣúà ń pàtẹ́wọ́ níbi tó bá yẹ, àti níbi tí kò yẹ. Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé Ìyáàfin Wúràọlá mú ìwé ètò jáde, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí ó fò," ni Olóyè wí níkẹyìn.

Dàda fa okùn. Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, sí ọ̀tún, tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Eruku ilẹ̀ kọ́kọ́ dìde, ó gba àárín abẹ̀bẹ̀ lọ sókè. Lámilámi kò kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rì sínú koríko díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ wo ẹ̀kọ́ ilé," ni Jóṣúà ń ké nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀rọ òyìnbó ń dọ̀bálẹ̀ fún Olóyè."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lóòótọ́, ó wuyì. Olóyè fi ọwọ́ dá ẹ̀rọ lóhùn, ó ní kí ó dìde. Kò dìde. Ó ní kí Dàda fún un ní iná sí i. Dàda fún un. Ìrù Lámilámi wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ara rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń yí gbirigbiri lójú kan, ó ń lọ ilẹ̀ bí ẹ̀rọ ata ṣe ń lọ ata.

"Ó ti dọ̀bálẹ̀ tó," ni Olóyè wí. "Ẹ tú oògùn sílẹ̀, yóò rántí iṣẹ́ rẹ̀."

Dàda wo ẹ̀yìn, níbi tí Rẹ̀mílẹ́kún wà. Rẹ̀mílẹ́kún ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣe rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló ń pàṣẹ. Dàda tẹ bọ́tìnnì.

Oògùn aláwọ̀ aró tú jáde nísàlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ fà á sókè, ó fọ́n ọn ká gbogbo iwájú pápá bí ìrì. Agbádá funfun ló kọ́kọ́ gbà á. Fìlà gbà á, ojú gbà á, ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là láti pàṣẹ gbà á. Àwọn àlejò fi àga bo orí. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ sẹ́yìn àga, wọ́n lúgọ. Dàda pa íńjìnnì, ṣùgbọ́n oògùn kò tíì balẹ̀ tán.

Olóyè sín.

Àwọn òṣìṣẹ́ dìde lẹ́yìn àga tí wọ́n lúgọ sí, gbogbo wọn, lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọ́fíìsì, oògùn tó kù ní ojú afẹ́fẹ́ sì bà wọ́n lójú kan. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ti di aláwọ̀ aró láti iwájú orí dé igbá àyà, wọ́n ń wo ara wọn. Olóyè tún sín. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò mira. Jóṣúà pàápàá ń fi ìwé ètò nu ojú.

Mo ti sọ fún yín pé a ó dé ibi tí ẹ̀rín wà. Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, àyàfi àwọn àgbẹ̀ Ọ̀rà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù nínú oṣù keje.

"Obìnrin yẹn ni," ni Olóyè wí, ó ń nàka sí ẹ̀yìn. "Òun ló gbẹ́ abẹ̀bẹ̀. Òun ló ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Ìyáàfin Wúràọlá dìde. Òun náà ti gba díẹ̀ léjìká. Ó ṣí ìwé ètò sí ojú ewé kẹrin, ó kà á sókè láìfi ohùn gíga sí i, láti "Èmi, Olóyè" títí dé "láìka àtakò àwọn onímọ̀ sí."

"Ṣé òǹtẹ̀ yín nìyí, Olóyè?"

Olóyè wo òǹtẹ̀ náà. Ó tóbi, ó sì mọ́ dáadáa, torí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ó hàn.

Ràsákì ti rìn dé iwájú. Ó ṣí fìlà, ó mú ìwé kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí àlejò. "Ìyáàfin, ẹ ka èyí náà. Ọjọ́rú ló ti kọ ọ́."

Ìyáàfin kà á: kílò mọ́kànlá sísàlẹ̀, oògùn tí abẹ̀bẹ̀ máa fà sókè, kí ẹnikẹ́ni má jókòó nítòsí. Ó wo agbádá Olóyè, ó ká ìwé náà padà bí ó ṣe rí, ó dá a padà fún Ràsákì.

"Oògùn tó kù dà?"

"Ó wà ní ìpamọ́," ni Jóṣúà wí.

"Àgbá mélòó ló ti dé oko?"

Ràsákì ló wá sọ fún un pé kò sí, pé ogún ló dé, pé ogún ló wà níbẹ̀, àti ọgọ́ta póńpù pẹ̀lú wọn.

"Ẹ fún bàbá ní kọ́kọ́rọ́," ni Ìyáàfin Wúràọlá wí.

Ọwọ́ ọ̀tún Olóyè wà lójú rẹ̀, oògùn ń ta á, kò lè gbé e kúrò. Ó fi ọwọ́ kejì wá inú àpò, ó rí kọ́kọ́rọ́, ó nà án jáde. Gbogbo Ilá ló rí i. Ọwọ́ òsì ni, ó rin gbingbin, ó dúró níwájú ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ràsákì wo ọwọ́ náà. Ní ayé rẹ̀, ọmọ kan kò fi ọwọ́ òsì fún un ní nǹkan rí kí ó gbà á. Ó na ọ̀tún tirẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ náà.

"Kòkó tó ń rà kò ní bi mí ní ọwọ́ tí wọ́n fi fún mi," ó ní, ó sì yára lọ.

Ọjọ́ náà ni wọ́n kó póńpù jáde. Dàda fi mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé àgbá lọ sí Ọ̀rà, kò gba kọ́bọ̀, Rẹ̀mílẹ́kún sì gbé póńpù kọ́ ẹ̀yìn bíi ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n fín oko títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n tún jí fín in. Ìwé dé láti Òṣogbo ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kí Olóyè kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì. Kò sí awakọ̀ mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ rìn jáde ní géètì, ó sì yà sí òsì, torí ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà.

Rẹ̀mílẹ́kún tú bẹ́líìtì náà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nígbà tó yá. Lámilámi fò. Ó gbé kílò márùn-ún oògùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó ṣe wà nínú ìwé.

Ní ti Ràsákì, ìdá kan nínú mẹ́ta ló rí ká ní ọdún náà. Ìyókù ti dúdú kí oògùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ta ewúrẹ́ mẹ́rin kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ilé rẹ̀ má baà tán. Títí di òní, ìwé yẹn ṣì wà nínú fìlà rẹ̀. Bí àwọn ọmọ Ilá bá ti Èkó dé, tí wọ́n ní kí ó sọ ìtàn ọjọ́ tí ẹ̀rọ dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó bẹ̀rẹ̀, a yọ ọ́, a tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀.

"Ọjọ́rú ló kọ ọ́," a wí fún wọn. "Ìdá méjì kòkó mi ni mo san, nítorí pé ẹnìkan kò fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀."